Ẹ Bi Wá, Ká Sọ: Ta ni kéèyàn gbà gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà wa ní tá a bá ti dé orí wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan, ká wò ó bóyá .org ló parí ẹ̀, ká wo àmì àgádágodo lókè, ká sì ka ibi tí wọ́n ti sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Gbogbo ẹ̀ ni mo ṣe, síbẹ̀ nígbà tí mo gbé iṣẹ́ àṣetiléwá mi lọ, wọ́n ní irọ́ ni mo lọ dà kọ. Kí ló kù tí mi ò ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́.

Ìdáhùn: Àbúrò, ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi, ìmọ̀ràn yẹn ló ti gbó. .org tó o rí yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti lè sanwó ẹ̀ ló lè gbà á, kò sẹ́ni tó máa bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Àgádágodo ńkọ́? Ohun tó ń sọ ò ju pé ẹlòmíì ò lè yọjú sí ohun tó ń lọ láàárín ìwọ àti wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà, kò sọ pé ọmọlúàbí lẹni tó ni ín, àwọn gbájúẹ̀ náà ń lo àgádágodo, kódà Google yọ àmì yẹn kúrò lókè Chrome lọ́dún 2023 torí wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ń ṣì í lóye. Ti ibi tí wọ́n ti ń sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ yẹn tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, àbí ta ló máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé òpùrọ́ lòun?

Ohun tó kù ni pé o ò kúrò lójú ewé yẹn. Ní 2017, Sam Wineburg àti Sarah McGrew ní Yunifásítì Stanford gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde, èèyàn 45 ni wọ́n lò, 10 jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìtàn, 25 jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Stanford níbẹ̀, 10 tó kù ni àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa yẹ ìròyìn wò bóyá òótọ́ ni. Lára ohun tí wọ́n fi hàn wọ́n ni wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹgbẹ́ dókítà ọmọdé méjì, American Academy of Pediatrics àti American College of Pediatricians. Orúkọ wọn jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ti wà látọdún 1930, àwọn tó wà nínú ẹ̀ lé ní 60,000, èkejì sì jẹ́ ti àwọn kéréje tó bínú ya kúrò lára wọn ní 2002. Àwọn ọ̀mọ̀wé àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ojú ewé yẹn, wọ́n ń kà á látòkè délẹ̀, wọ́n ń wo bó ṣe rí mèremère, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ò sì mọ ìyàtọ̀. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò ò tiẹ̀ kà á jìnnà, wọ́n ṣí ojú ewé tuntun, wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà, wọ́n wo ohun táwọn ẹlòmíì ń sọ nípa ẹ̀, kò pẹ́ kò jìnnà wọ́n ti rídìí ọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́, agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Tó o bá ń wádìí wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan lórí Google, tẹ orúkọ ẹ̀, kó o fi -site: àti àdírẹ́sì ẹ̀ sẹ́yìn, ohun tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ò ní jáde, tàwọn ẹlòmíì lo máa rí. Wikipedia náà wúlò fún irú èyí, mo mọ̀ pé àwọn tíṣà ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ sétí, má dà á kọ ni, wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ níbi tí wọ́n to àwọn ìwé tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ sí, kó o gbabẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé àjẹsára MMR, èyí tí wọ́n fi ń dènà èéyi, ṣegede àti rubella, máa ń fún ọmọ ní autism, ìyẹn ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ. Mo ní irọ́ ni, ni wọ́n bá fi ìwé tí dókítà gidi kọ hàn mí. Kí ni kí n wí? Ìyá àgbà.

Ìdáhùn: Ìyá wa, tiyín ló le jù, torí òótọ́ ni, ìwé yẹn wà. Andrew Wakefield àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló kọ ọ́, The Lancet, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1998, ìyẹn kì í sì í ṣe ìwé yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ 12 péré ni wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, nígbà tó sì di 2010 The Lancet fúnra wọn fagi lé e, ọdún yẹn náà ni wọ́n yọ orúkọ Wakefield kúrò lára àwọn dókítà ní UK. Ní Denmark, wọ́n tọpa ọmọ tó lé ní 650,000, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2019, àwọn tó gba MMR ò ní autism ju àwọn tí ò gbà á lọ. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín ò purọ́ pé ìwé wà, ibi tí ìtàn yẹn parí sí ni kò sọ. Bí wọ́n bá tún gbé irú ẹ̀ wá, ẹ ní kí ọmọ kan bá yín tẹ àkòrí ẹ̀ sórí PubMed, ibi tí wọ́n to àwọn ìwé ìwádìí ìṣègùn jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bá ti fagi lé e, ẹ máa rí Retracted gàdàgbà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Gbogbo ìgbà tí omíyalé bá ṣẹlẹ̀ ni mo ń rí fọ́tò ṣáàkì tó ń lúwẹ̀ẹ́ lójú títì. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Irọ́ ni jàre. Ní 2011 nígbà ìjì Irene, wọ́n ní Puerto Rico ni, ní 2017 nígbà Harvey, wọ́n ní Houston ni, fọ́tò kan náà. Gbé e sínú Google Lens tàbí TinEye, wàá rí ibi tó ti jáde rí. Èyí tí AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dá ya fọ́tò, bá ṣe lónìí ni kò ní bá a, torí kò tíì sí níbì kankan tẹ́lẹ̀. May 22, 2023, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ jáde pé nǹkan bú gbàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pentagon, oríléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, àkáǹtì tó ní àmì búlúù lórí Twitter ló ń gbé e kiri, ọjà ìpín ìdókòòwò tiẹ̀ já wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Irú ibẹ̀ yẹn, tí gbogbo èèyàn ń kọjá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, báwo ló ṣe máa jẹ́ fọ́tò kan ṣoṣo?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, tí ChatGPT, AI tó ń dáhùn ìbéèrè yẹn, bá sọ nǹkan fún mi, mo máa ń bi í bóyá ó dá a lójú, ó sì máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ìyẹn tó?

Ìdáhùn: Kò tó o. Lọ́yà kan ní New York ṣe báyìí gan-an nínú ẹjọ́ tí wọ́n bá Avianca tó ń fi bààlú gbé èrò ṣe, ChatGPT to orúkọ àwọn ẹjọ́ àtijọ́ fún un, ó bi í pé ṣé ẹjọ́ gidi ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ni lọ́yà bá gbé e lọ síwájú adájọ́. Kò sírú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ní June 2023, adájọ́ ní kí òun, lọ́yà kejì àti iléeṣẹ́ wọn san 5,000 dọ́là. Ẹnu tó purọ́ náà ló lọ bi pé ṣé irọ́ ni. Tó bá dárúkọ ìwé tàbí ẹjọ́ fún ẹ, lọ wá a níbi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń wà, tí o ò bá rí i níbẹ̀, yọ ọ́ kúrò.