Ẹ Má Tíì Ra Páálí Ńlá: Fún Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ sí í Kó LEGO Jọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, pé ọkàn yín ń fà sí LEGO, bíríkì ike kéékèèké tí a ń há mọ́ra láti fi kọ́ nǹkan, tí ẹ kò rí fi ṣeré nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fi Millennium Falcon ńlá yẹn, ọkọ̀ òfuurufú inú fíìmù Star Wars, bẹ̀rẹ̀. Tèmi ni pé kí ẹ má tíì rà á. Àpò bíríkì àlòkù kan ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Falcon yẹn, nọ́ńbà 75192, ẹyọ 7,541 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ bíríkì yóò tẹ̀ lé ìwé ìtọ́ni láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, yóò gbé e sórí pẹpẹ, ó parí nìyẹn. Kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi fi èyí há èyí. Àlòkù ló ń kọ́ni. Manchester ni mo ń gbé, ọjà car boot àárọ̀ Sunday, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ ta ẹrù ilé wọn, àti charity shop, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù láti fi rówó ṣàánú, ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo ní. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ti wọ yunifásítì á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan, wọ́n kàn fẹ́ kí ẹnì kan bá wọn gbé e kúrò nílé ni.

Ẹ má bẹ̀rù pé ó ti pẹ́ jù. Ọjọ́ 28 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1958 ni Godtfred Kirk Christiansen, ọmọ ẹni tó dá ilé iṣẹ́ LEGO sílẹ̀, forúkọ ọ̀nà tí bíríkì náà ń gbà há mọ́ra sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Denmark, bíríkì ìgbà náà sì ṣì ń há mọ́ èyí tó ń jáde lónìí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò. Ẹnì kan ti ta ọ̀kan fún mi rí, òkè rẹ̀ ojúlówó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kìkì ayédèrú. Ẹ mú bíríkì kan, ẹ yí i sí ìmọ́lẹ̀: orí kókó róbótó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ LEGO sí, lẹ́tà tín-ín-tín tí èékánná lè mọ̀. Èyí tí kókó orí rẹ̀ bá dán borokoto, ẹ fura sí i. Ẹ wo funfun àti aláwọ̀ eérú náà dáadáa, torí oòrùn máa ń sọ wọ́n di rúsúrúsú. Ẹ ó rí ojú eyín ọmọdé lára àwọn mìíràn, níbi tí wọ́n ti fi ẹnu tú pẹlẹbẹ méjì, ìyẹn ẹyọ tí kò nípọn tó bíríkì, tó há mọ́ra. Irinṣẹ́ ike kékeré kan wà tí wọ́n ṣe fún títú u. Ẹ wá a, ẹ má fi eyín tiyín ṣe é.

Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ju 40°C lọ ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n, pẹ̀lú ọṣẹ abọ́ díẹ̀. Ẹ yọ èyí tó bá ní mọ́tò, iná tàbí sítíkà sọ́tọ̀. Ẹ tẹ́ ìyókù sórí táwẹ̀lì kí afẹ́fẹ́ gbẹ wọ́n. Ẹ má sá wọn sínú oòrùn, ẹ má sì gbé wọn sórí radiator tó ń mú ilé gbóná.

Ṣíṣà ni iṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ náà ni adùn wà. Àwọ̀ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ fi ń ṣà á, torí ó máa ń wu ojú. Ṣùgbọ́n ẹ wá pẹlẹbẹ pupa oníkókó méjì nínú abọ́ tí gbogbo rẹ̀ pupa, kí ẹ wo bí ojú yóò ṣe ro yín tó. Ẹ kó gbogbo pẹlẹbẹ oníkókó méjì sínú abọ́ kan, àwọ̀ yòówù kí wọ́n jẹ́, pupa yẹn á fò sí yín lójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe rí ni kí ẹ fi ṣà wọ́n: bíríkì lọ́tọ̀, pẹlẹbẹ lọ́tọ̀, èyí tó dà gẹ̀rẹ́ fún òrùlé lọ́tọ̀, taya lọ́tọ̀, àwọn èèyàn kéékèèké lọ́tọ̀. Abọ́ ice cream tó ti ṣófo tó fún un. Ẹ jókòó tì í bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Níbẹ̀ ni ọwọ́ yín yóò ti mọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín, pé pẹlẹbẹ mẹ́ta tí ẹ bá tò lé ara wọn ga tó bíríkì kan géérégé. Gbogbo ilé dáadáa tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí ìyẹn ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Bí ẹ bá rí ẹyọ kan tó ṣàjèjì, tàbí tó ní àwòrán lára, ẹ tan iná fóònù sí inú rẹ̀, ẹ ó sábà rí nọ́ńbà kékeré níbẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà náà lórí ìkànnì Rebrickable tàbí BrickLink, ẹ ó rí àwọn sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn páálí tí wọ́n tà á nínú wọn, tó ti lè wá. Ìwé ìtọ́ni púpọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì LEGO fúnra rẹ̀. Báyìí ni sẹ́ẹ̀tì kan tó ti fọ́n ká ṣe ń padà dìde. Ẹyọ tó bá kù, ẹ má rà á lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí owó ìfiránṣẹ́ á ju owó ẹyọ náà lọ. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ nílò sílẹ̀, kí ẹ wá ẹni kan ṣoṣo tó ní púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ti ẹni tó sọ fún yín pé okòwò ni, pé kí ẹ máa ra páálí pamọ́: òótọ́ ni pé àwọn kan máa ń gbówó lórí tí ilé iṣẹ́ bá ti dẹ́kun ṣíṣe wọn. Ṣùgbọ́n páálí tí a kò gbọdọ̀ ṣí, ẹrù ni lójú tèmi. Tí ojú bá ń tì yín, láti 2020 ni wọ́n ti ń kọ 18+, ìyẹn ọmọ ọdún méjìdínlógún sókè, sára àwọn páálí kan. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé àgbàlagbà ń rà á.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, Creator 3-in-1, páálí tí a lè fi ẹyọ inú rẹ̀ kọ́ nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni kí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́. Dandan ni kí ẹ tú èyí tí ẹ kọ́ kí ẹ tó rí èyí tó kàn.

Bí ẹ bá ti ṣa àpò yín tán, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi. Aláwọ̀ eérú àtijọ́ ni mò ń wá, èyí tó wà kí wọ́n tó pa àwọ̀ náà dà ní nǹkan bí ọdún 2004. Taya pọ̀ lọ́wọ́ mi tí a lè fi ṣe pàṣípààrọ̀.