Bí ará Cornwall bá ní òun ń bọ̀ "dreckly", ẹ jókòó

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní Cornwall, ní ìpẹ̀kun gúúsù ìwọ̀-oòrùn England, ẹ má bínú sí ọ̀gá tó ní kí ẹ dúró de òun, tí ilẹ̀ fi ṣú. Inú "directly", ìyẹn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ni "dreckly" ti jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́nu ará Cornwall, ó dà bí "mò ń bọ̀" tí Yorùbá máa ń wí nígbà tó bá ń jáde lọ. Ó lè jẹ́ wákàtí kan, ó lè di ọ̀la, ó sì lè má ṣẹlẹ̀ rárá. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ oògùn aláìsàn, ẹ béèrè aago mélòó gan-an.

Nílé ìtọ́jú àgbàlagbà tí ẹ ń lọ yẹn, wọn yóò máa pè yín ní "my lover" tàbí "my 'andsome". Kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ níbẹ̀. Ìyá arúgbó ń pe awakọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi pe wọ́n padà. "Where's that to?" ń béèrè ibi tí nǹkan wà, kì í ṣe ibi tó ń lọ.

Èyí tó ń ba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú jẹ́ ni "d'". Bí aláìsàn bá ní "I d' get teasy", "máa ń" tiwa gan-an nìyẹn: mo máa ń kanra. Ẹ má kọ ọ́ bíi pé òní nìkan ló ṣẹlẹ̀. "Scat" jẹ́ kí nǹkan gbáni, ó tún jẹ́ kí nǹkan fọ́. Bí wọ́n bá lò ó fún orúnkún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ilé iṣẹ́ tó bá ti "gone scat" ti wọ gbèsè, ó ti kógbá sílé. "Crib" kì í ṣe ibùsùn ọmọ, ìpápánu àárín iṣẹ́ ni. Níhà ìwọ̀-oòrùn, "croust" ni wọ́n ń pè é.

Ẹ má gba ẹni tó ní Kernewek ni gbogbo rẹ̀ gbọ́. Èdè ọ̀tọ̀ ni Kernewek, èdè ìbílẹ̀ Cornwall, ọmọ ìyá èdè Welsh àti Breton. "Teasy" wá láti ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni "wheal", ibi ìwakùsà, tí ẹ óò rí lára orúkọ bíi Wheal Jane. Ṣùgbọ́n "emmet", èèrà, tí wọ́n fi ń pe àwọn tó ń rọ́ wá gbafẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni. "Muryon" ni Kernewek ń pe èèrà. Ìfiniṣẹ̀sín wà nínú "emmet" o, ẹ má lò ó lójú àlejò. Ní Devon, lódìkejì odò Tamar, "grockle" ni wọ́n ń pè wọ́n.