Fáólìn mi ń dún bí agolo: ṣé kí n ra pickup mìíràn ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Fáólìn onígi ni mo ń ta nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Mo fi pickup piezo (ohun kékeré tó ń gba ohùn fáólìn) há etí bridge rẹ̀ (igi tó gbé okùn dúró), mo sì so wáyà rẹ̀ tààrà mọ́ míksà. Ó ń dún bí agolo tí wọ́n ń fi ṣíbí họ. Ṣé kí n ra pickup mìíràn ni, àbí kí n kúkú ra fáólìn oníná?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Bí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ wá bá mi, ibi tí wáyà náà wọ̀ sí ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n. Bí igi bridge ṣe ń gbọ̀n ni piezo ń sọ di iná, iná ọ̀hún kò sì lágbára rárá. Ihò line míksà, tí ìdènà iná rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 10 sí 20 kilohm, á fà á gbẹ. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ: okùn G á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, okùn E á wá máa gún ni létí. Ohun tí piezo ń fẹ́ ni ihò tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ megohm 1 (kilohm 1,000), ó kéré tán.

Nítorí náà, preamp (ẹ̀rọ kékeré tó ń fún ohùn lágbára) tàbí DI (àpótí tó ń so ohun èlò orin mọ́ míksà) oníbátìrì tí wọ́n kọ 1 MΩ (megohm 1) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára ni kí ẹ rà. Kí wáyà láti fáólìn dé ìdí rẹ̀ má ju mítà 3 lọ. Wáyà XLR (irú ti makirofóònù) ni kó gbé ohùn láti ibẹ̀ dé míksà.

Ẹ wo bí pickup ṣe há náà. Bí àlàfo bá wà láàárín òun àti igi, ohùn á máa ya. Ẹ má fipá tì í o, etí bridge tètè ń kán. Bí ẹ bá sì fẹ́ tún un ṣe, ẹ má dẹ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀pá inú fáólìn má bàa ṣubú.

Ìgbà tí spíkà bá ń mú kí fáólìn hu ni oníná wúlò, nítorí ikùn fáólìn onígi ṣófo. Piezo ló wà nínú ọ̀pọ̀ oníná náà. Ẹ béèrè bóyá preamp wà nínú rẹ̀. Ti pickup onímágínẹ́ẹ̀tì, bíi ti gìtá, okùn onírin nìkan ló ń gbọ́.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ yá amp gìtá níbi ìgbáradì yín, nítorí ihò tirẹ̀ sábà máa ń tó megohm 1. Ẹ ta okùn G. Bí ohùn rẹ̀ bá padà, pickup yín kò jẹ̀bi.