Ìwé ìsàmì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ìjọ yín fẹ́ ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ní kí ẹ kọ ìtàn rẹ̀, ilé méjì sì ń jà lórí ẹni tó gbé ẹ̀sìn wọ̀lú. Ojú mi ti rí màbo lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìjọ Áńgílíkà ni tiwa, ní ìlú kékeré kan ní Èkìtì. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún mi, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó lẹ́nu láàárín àwọn àgbà ìjọ ni mo sáré lọ. Ó ní bàbá òun ló dá ìjọ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a tẹ̀ ẹ́, a pín in lọ́jọ́ ìkórè. Ìsìn ò tíì parí tí ìyá arúgbó kan fi ránṣẹ́ pè mí: "Ìwọ lo kọ ìwé yìí? Ìyá tó kọ́ ọkùnrin yẹn ní ABD ńkọ́?"

Obìnrin tí ìyá arúgbó náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà lára àwọn tí ogun kó lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló bá ara wọn ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó, ibẹ̀ ni wọ́n ti di onígbàgbọ́. Nígbà tí ogun Kírìjì tú ká ní 1893, wọ́n ń padà wálé pẹ̀lú orin ìsìn lẹ́nu kí òyìnbó kankan tó gbé ọ̀dọ̀ wa. Èmi rò pé ìyá arúgbó kàn ń gbèjà ilé tirẹ̀ ni.

Àfìgbà tí mo ṣí àpótí irin tó wà ní yàrá tí àlùfáà ti ń múra. Ìwé ìsàmì àkọ́kọ́, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún sí, wà nísàlẹ̀ pátá, ikán ti jẹ etí rẹ̀. Mo rí orúkọ "olùdásílẹ̀" wa: ó ti dàgbà kí wọ́n tó ṣe ìsàmì fún un, obìnrin yẹn gan-an ni wọ́n sì kọ ní ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ó ti ṣe ìyá ìsàmì fún ọmọ mẹ́sàn-án ṣáájú. Ojú tì mí.

Ṣùgbọ́n ìwé ìsàmì náà máa ń fi nǹkan pamọ́ o. Ìjòyè tó fún wa nílẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ mẹ́ta sì wà níbẹ̀. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth ní 1888 ló pinnu pé kí wọ́n má ṣe ìsàmì fún olóbìnrin púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣe é fún àwọn ìyàwó. Ìtàn ẹnu nìkan ló lè bá yín wá irú bàbá bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn àgbà kì í sábà mọ ọdún. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú tàbí lẹ́yìn rẹ̀, 1918 nìyẹn. Bí èèyàn bá dín kù lójijì nínú ìwé ìsàmì ní 1930, ẹ rántí ìsọjí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ọ̀yẹ̀, Iléṣà. Ọ̀pọ̀ ló bá a lọ.

Mo tún ìwé náà tẹ̀. Ilé bàbá tó lẹ́nu yẹn ò kí mi fún ọdún méjì, wọ́n tún gbé àga tí wọ́n fi tọrẹ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Torí náà, ẹ fi fóònù ya gbogbo ojú ìwé ìsàmì yín kí ilé méjèèjì tó gbọ́ pé ẹ ń wá a.