Èsì: Ohun tí spironolactone ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá yín

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ ní àyẹ̀wò fi hàn pé aldosterone, họ́mónù tó ń mú kí ara di iyọ̀ mú, pọ̀ jù lára wọn, ẹ wá ń béèrè ìdí tí dókítà fi kọ oògùn spironolactone, tí kì í dín họ́mónù náà kù.

Aldosterone nìkan kọ́ ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Inú sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ni risẹ́pítọ̀ tó ń gbà á, ìyẹn ibi tí họ́mónù ń so mọ́ kó tó lè ṣiṣẹ́, wà. Bí méjèèjì bá ti so pọ̀, wọ́n á lọ síbi tí jíìnì, ìyẹn àwọn ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé, wà, sẹ́ẹ̀lì á sì ṣí ọ̀nà púpọ̀ sí i fún iyọ̀ láti padà sínú ẹ̀jẹ̀. Omi á tẹ̀ lé iyọ̀, ìfúnpá á ga, potásíọ̀mù á sì máa bá ìtọ̀ lọ. Orí risẹ́pítọ̀ yìí gan-an ni spironolactone ń jókòó sí: họ́mónù ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ kò ríbi so mọ́.

Ó tún máa ń dí risẹ́pítọ̀ họ́mónù ọkùnrin, ìyẹn ló ń mú kí ọyàn àwọn ọkùnrin kan wú. Bó bá ṣe bàbá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má tijú láti sọ fún dókítà. Eplerenone, oògùn mìíràn tó ń dí risẹ́pítọ̀ aldosterone, kì í sábà fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo àyẹ̀wò potásíọ̀mù, torí spironolactone kì í jẹ́ kó bá ìtọ̀ lọ bíi ti tẹ́lẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi losartan tàbí lisinopril mọ́ ọn. Bí potásíọ̀mù bá ga jù, ó lè mú kí ọkàn máa lù ségesège.