Adìẹ díndín lọ́jọ́ Kérésìmesì: kí ló dé tí àárò ilé fi ń sọ ọmọ Ìlú Ọba ní Jàpáánì?

Arábìnrin wa kan tí ó ń gbé ní London ló béèrè ìbéèrè yìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, òyìnbó ọmọ Ìlú Ọba, ti lọ ń kọ́ àwọn èèyàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Osaka. Ó kọ̀wé sí i pé lọ́jọ́ Kérésìmesì òun lọ síbi iṣẹ́ bí ọjọ́ gbogbo, pé adìẹ díndín àti kéèkì ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, àti pé nígbà tí ọdún tuntun dé, gbogbo ojúlùmọ̀ òun ló kó lọ sí ìlú wọn, ó wá ku òun nìkan. Arábìnrin wa fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ará Jàpáánì ń fi Kérésìmesì ṣeré ni, àti ohun tí ọdún tuntun jẹ́ fún wọn tí wọ́n fi ń gbé e gẹ̀gẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, mà. Wọn kò fi ṣeré rárá. Ẹrù tí ọmọ Ìlú Ọba dì lé Kérésìmesì lórí, orí ọdún tuntun ni ará Jàpáánì dì í lé. Ọ̀rẹ́ yín ń wá ẹrù náà níbi tí kò sí, nígbà tí yóò sì fi rí i, inú ilé onílé ló wà, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London kúkú mọ bí ọjọ́ Kérésìmesì ṣe ń rí níbẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí réluwè abẹ́ ilẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tì pa. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé lè rò pé ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Lọ́dọ̀ wa, ìta ni ọdún ń wà: abọ́ ìrẹsì ń ti ilé kan bọ́ sí ilé kejì, ọmọ àdúgbò ń ti ọ̀dọ̀ àgbà kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn láti gba owó ọdún. Lọ́dọ̀ tiwọn, inú ilé ni. Ọmọ tó ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn á padà sọ́dọ̀ òbí rẹ̀, wọ́n á jókòó yí tòlótòló sísun ká, ẹni méjì á di orí kan àti ìdí kan páálí kékeré tí wọ́n fi bébà aláràbarà wé mú, wọ́n á fà á títí yóò fi dún gbàù, adé bébà á já bọ́ láti inú rẹ̀, àgbà àti ọmọdé á sì dé e. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, Ọba á bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ kejì, ìsinmi ṣì ni.

Àṣà tí ó ń ṣe ọ̀rẹ́ yín láàárò yìí kò pẹ́ tó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe rò. Ní 1647, ilé aṣòfin wọn fòfin de ọdún Kérésìmesì pátápátá, torí àwọn onígbàgbọ́ líle tó wà lórí àlééfà nígbà náà sọ pé kò sí nínú Bíbélì. Ìgbà tí ọba padà sórí ìtẹ́ ní 1660 ni òfin náà tó dópin. Ilẹ̀ Jámánì ni igi Kérésìmesì ti wá. Ní 1848, ìwé ìròyìn kan ní London tẹ àwòrán Ọbabìnrin Victoria àti Albert ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ Jámánì, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn nídìí igi náà, ni oníkálùkù bá ń fẹ́ irú rẹ̀ nílé. Káàdì Kérésìmesì, 1843. Páálí tí ń dún gbàù, Tom Smith tó ń ta súìtì ní London ló gbé e jáde ní 1847. Ọ̀rọ̀ Ọba, orí rédíò ni George Karùn-ún ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1932. Mi ò sọ èyí láti bu àṣà wọn kù. Ohun tí ìyá ẹni ṣe fún ni láti kékeré ti tó ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́kàn ẹni.

Ní Jàpáánì, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí Kérésìmesì gbà wọlé. Francis Xavier, àlùfáà Kátólíìkì, mú ẹ̀sìn Kristi dé ìlú Kagoshima ní 1549, ẹ̀sìn náà sì gbilẹ̀ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1614 ìjọba Tokugawa, ìyẹn ìdílé ológun tó ń ṣàkóso Jàpáánì nígbà náà, fòfin dè é jákèjádò ilẹ̀ náà. Ó lé ní 250 ọdún kí wọ́n tó ká pátákó òfin náà kúrò nígboro ní 1873. Títí dòní, nínú ọgọ́rùn-ún ará Jàpáánì, agbára káká la fi lè rí Kristẹni kan tàbí méjì. Nítorí náà, Kérésìmesì tó tàn kálẹ̀ níbẹ̀ kò bá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọlé. Ọjà ló bá wọlé. KFC ṣí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ní 1970, nígbà tó di 1974 ó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó jákèjádò orílẹ̀-èdè pé adìẹ díndín ni oúnjẹ Kérésìmesì. Tòlótòló ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé kò sì ní ààrò tó lè gbà á. Ìpolówó náà mú èèyàn. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìdílé ń sanwó adìẹ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, wọ́n sì ń ra kéèkì oníkírímù funfun tí wọ́n to èso sitirọ́bẹ́rì pupa lé lórí. Alẹ́ ọjọ́ 24 jẹ́ ti àwọn olólùfẹ́ tí ń jáde lọ jẹun. Ọjọ́ 25, iṣẹ́ ni.

Mi ò fara mọ́ àwọn òyìnbó tí ń fojú tẹ́ńbẹ́lú èyí. Bàbá tí ó tò sórí ìlà nínú òtútù kí ó lè gbé adìẹ àti kéèkì wálé fún ọmọ rẹ̀, ìfẹ́ ló ń ṣe. Kì í kàn ṣe ibẹ̀ ni wọ́n gbé ọkàn lé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 26, igi Kérésìmesì ti pòórá níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní pẹ́ tí kadomatsu, ìyẹn oparun àti ẹ̀ka igi páìnì tí wọ́n dì pọ̀, yóò fi gba ipò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Toshigami ni wọ́n fi ń pè wọlé. Òun ni òrìṣà ọdún, tí ń bẹ ilé kọ̀ọ̀kan wò láti gbé ire ọdún tuntun wá. Ilé tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ kò gbọdọ̀ dọ̀tí, nítorí náà wọ́n á gbá gbogbo kọ̀rọ̀, wọ́n á nu fèrèsé, wọ́n á fọ ilé ìdáná. Wọn kì í jẹ́ kí ọ̀ṣọ́ náà di ọjọ́ 31 kí wọ́n tó gbé e sókè, torí ọ̀ṣọ́ alẹ́ kan jọ ti ìsìnkú, ó sì jọ àìbìkítà fún òrìṣà tó ń bọ̀. Nínú ilé, wọ́n á gbé kagami mochi kalẹ̀: ìrẹsì tí wọ́n gún nínú odó bí iyán, tí wọ́n ṣù ní méjì, kékeré lórí ńlá.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 wọ́n á jẹ núdù soba, kí ẹ̀mí lè gùn bí ó ṣe gùn. Bí òru bá ń súnmọ́, tẹ́ńpìlì Búdà á bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo ní ìgbà 108, fún ìfẹ́kúùfẹ́ 108 tí wọ́n ní ó ń dààmú ọkàn ènìyàn. Agogo tẹ́ńpìlì Chion-in ní Kyoto, tí wọ́n rọ ní 1636, wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 70. Àlùfáà 17 ló ń para pọ̀ fa okùn kí ó tó lè dún. Bí ilẹ̀ bá mọ́, osechi ló kù, oúnjẹ tútù tí wọ́n ti sè sílẹ̀ sínú àpótí tí wọ́n ń tò lé ara wọn, kí iná ìdáná àti ìyá ilé lè sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta. Àdúrà ni oúnjẹ náà látòkè délẹ̀. Ede dúró fún ọjọ́ ogbó, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Ẹyin ẹja dúró fún ọmọ púpọ̀, ẹ̀wà dúdú fún ìlera àti aápọn. Àwọn ọmọdé á gba owó nínú àpò ìwé kékeré lọ́wọ́ àwọn àgbà.

Ọkọ̀ ojú irin tí kì í rìn ní London lọ́jọ́ Kérésìmesì ń rìn mọ́jú ní àwọn ọ̀nà kan ní Tokyo lóru ọdún tuntun, kí àwọn èèyàn lè lọ ṣe ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ sí ojúbọ. Ní ojúbọ Meiji Jingu ní Tokyo nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ń wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ilé iṣẹ́ réluwè gan-an wà lára àwọn tó sọ ìbẹ̀wò yìí di ńlá nígbà ìjọba Ọba Meiji, 1873 sì ni wọ́n tó gbé ọdún wọn wá sí ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní. Ọdún tiwọn náà ti yí padà bí ti Ìlú Ọba.

Nítorí náà, ohun tó dun ọ̀rẹ́ yín kì í ṣe ti adìẹ. Ọdún ìdílé ni ọdún méjèèjì, àlejò kì í sì ní àyè nínú ọdún ìdílé àfi tí wọ́n bá pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Jàpáánì tó dá wà nínú yàrá rẹ̀ ní London lọ́jọ́ 25 ń jẹ irú ìyà kan náà, bóyá ẹ̀yin náà tilẹ̀ mọ irú wọn. William Adams, ọmọ Gillingham ní Kent, ọmọ Ìlú Ọba àkọ́kọ́ tó dé Jàpáánì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1600. Tokugawa Ieyasu, olórí ológun tó ń ṣàkóso Jàpáánì, fún un ní ilẹ̀ àti oyè, ó níyàwó síbẹ̀, síbẹ̀ ó ń kọ̀wé, ó ń béèrè ìyàwó àti ọmọ tó fi sílẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ó kú ní Hirado ní 1620, kò fojú kàn wọ́n mọ́.

Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín kí ó ra nengajo, káàdì ọdún tuntun, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Ilé ìfìwéránṣẹ́ á kó gbogbo rẹ̀ pamọ́, wọ́n á pín in láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún. Ẹni tó gbà á á fi tirẹ̀ dá a padà, ibẹ̀ sì ni ìkésíni ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú lọ́dún náà á ti kọ̀wé ṣáájú pé òun kò ní kí ẹnikẹ́ni kú ọdún. Kí ó má fi káàdì ránṣẹ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ọdún kò bá tíì yí, "Yoi otoshi o" ni kí ó fi kí wọn, "Akemashite omedetō gozaimasu" kò tíì tó sọ àfi lẹ́yìn tí agogo bá ti lù. Ó lè bá wọn lọ sí ojúbọ, kò sẹ́ni tí yóò bi í ní ẹ̀sìn tó ń ṣe, bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò bá sì jẹ́ kó tẹrí ba, kí ó dúró sẹ́yìn, kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú. Kí ó sì tètè gba owó ní báńkì, nítorí láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní, báńkì kì í ṣí.