Ṣé àbùkù ni fótò Rotimi Fani-Kayode fún orí Ifẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ fótò ni mò ń kọ́ ní Mọ́kọ́lá. Ọ̀rẹ́ mi kan fi fótò kan tí ayàfótò Rotimi Fani-Kayode yà hàn mí lórí fóònù, Bronze Head ló ń jẹ́, orí idẹ bíi ti Ifẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, ìbàdí ọkùnrin tó wà níhòòhò ló wà lókè ẹ̀. Ọ̀gá mi ní àbùkù gbáà ni, pé gay bíi Rotimi ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú orí Ifẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mi ò ní kó o bá ọ̀gá ẹ fa ọ̀rọ̀ o, àmọ́ ọmọ Ifẹ̀ ni Rotimi. Ìdílé wọn ló joyè Balógun Ifẹ̀, bàbá ẹ̀ sì ni igbákejì Prẹ́míà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Ìbàdàn wa níbí náà ni ìjọba yẹn ti ń ṣiṣẹ́, kó tó di pé sójà gbàjọba ní 1966 tí gbogbo ilé kó lọ sí Brighton ní ìlú Ọba. Ọmọ bí ọdún 11 ni nígbà yẹn. Ó wá kọ ọ́ ní 1988 pé ọ̀nà mẹ́ta lòun fi jẹ́ àjèjì: irú ìfẹ́ tóun ń fẹ́, ilé tóun ti jìnnà sí, àti pé òun ò di ẹni tó níyàwó tó níṣẹ́ ńlá báwọn òbí òun ṣe fẹ́. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fi orí Ifẹ̀ ṣeré ni? Ilé ló ń wá.

Fótò ẹ̀ tó wọ̀ mí lára jù ni Sonponnoi, 1987, ìyẹn Ṣọ̀pọ̀nnọ́, òrìṣà ìgbóná. Ara ọkùnrin tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ní tótòtó, dúdú àti funfun, àbẹ́là sì ń jó níwájú ẹ̀. O mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í pe orúkọ òrìṣà yẹn tààrà, Ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é, Rotimi wá pè é, ó tún tan iná sí i.

Morimura, ayàwòrán ará Japan, náà ṣe irú ẹ̀ ní 1988, nínú fótò tiẹ̀ ó lọ dùbúlẹ̀ sípò obìnrin inú àwòrán Olympia tí Manet ará Faransé yà ní 1863. Ó dáa, àmọ́ ilé onílé ni tiẹ̀.

Má dárúkọ ọ̀rẹ́ ẹ yẹn fún ọ̀gá o, jọ̀ọ́, òfin 2014 tó lòdì sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin ṣì wà nílẹ̀, ẹnu èèyàn ò sì ṣeé dì. Tọ́wọ́ ẹ bá dilẹ̀, wọ mọ́tò Ifẹ̀ ní Ìwó Róòdù, lọ sí mùsíọ́mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, wo àwọn orí yẹn fúnra ẹ dáadáa, wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sí wọn lójú, kó o wá tún fótò yẹn wò.